Bí Ìgbì Ṣe Dá Tọ́ba Padà Fún Wa

Ògo ni fún Ẹni tó pààlà fún òkun! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀! Ní ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde tó kọjá, Tọ́ba, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde láti inú òkun. Òun nìyẹn lẹ́bàá fèrèsé.

Láti Ugbor níbí ni a ti lọ ṣe fàájì ní etí òkun ìhà Ìlàjẹ. Ìgbì ń fọ́ lọ́tùn-ún, ó ń fọ́ lósì. Ní agbedeméjì, omi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Odò Ikpoba ni Tọ́ba ti kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, ó ní ibi tó dákẹ́ yẹn ló wu òun.

Mojí, àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ ìmọ̀ òkun ní yunifásítì, kígbe: "Bùrọ̀dá, ẹ má débẹ̀! Gbogbo omi tí ìgbì ń tì wá sí etíkun, ojú ibẹ̀ ló ń gbà padà sínú òkun."

Tọ́ba rẹ́rìn-ín. "Ọ̀jọ̀gbọ́n inú ìwé! Ìwọ tí omi inú báàfù ń bà lẹ́rù!"

Ó bọ́ sómi. Kí a tó mọ̀, ó ti di orí kékeré kan lókèèrè. Ó kọjú sí wa gan-an, bí ẹni ń wá èbúté odò. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ ni ó ń jìnnà sí i. Jésù! Apá rẹ̀ ti ń rọ. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó sómi, mo dì í mú.

"Bàbá Tọ́ba, ẹ fi mí sílẹ̀! Ọmọ mi ń lọ!"

Orúkọ Olúwa nìkan ni mo ń pè.

Mojí ń sáré lórí yanrìn, ó ń ju ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń fi èdè tí wọ́n fi ń bára wọn jà nílé pariwo: "Bùrọ̀dá, no fight am! Swim go side!" Pé kí ó má bá omi jà, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ṣé ó gbọ́? Orí náà rì. Ó tún yọ. Ẹ yin Olúwa! Tọ́ba yà sọ́tùn-ún, ó ń bá etíkun lọ, títí ó fi dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Àwọn ìgbì tó ń bà wá lẹ́rù ló ń tì í bọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan yanrìn.

Dókítà tí a mú un lọ bá ní: "Bàbá, ó mu omi díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Tọ́ba sì ní: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo túúbá."

Ọpẹ́ ni, ọpẹ́ ni fún Olúwa! Ìwọ tó wà nínú ibú, tí ilé ń jìnnà sí ọ bí o ti ń tiraka, a kò gbàgbé rẹ. Ẹnì kan ń kígbe sí ọ láti etíkun. Tẹ́tí sílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ń lọ sí etí òkun lọ́la. Lẹ́yìn ìsìn, Mojí àti Tọ́ba yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ọ̀dọ́ kankan má kọjá láìgbọ́ ẹ̀kọ́ náà lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin ará, mo fi iṣẹ́ yìí lé yín lọ́wọ́ lónìí, ọjọ́ Àìkú.