Ilé Tí Bàbá Tún Ṣe De Ẹni Tó Fẹ́ Ka Ẹrù

Ojú mi kòrókòró ló ṣe, wọn ò sọ ọ́ fún mi: ẹ̀yìn akántáǹtì kan àti bàbá tó ra ilé ìṣẹ́ àtijọ́ láti máa gba rẹ́ǹtì ni mo jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ashton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

"Bàbá, bí a bá ya iye ẹ̀rọ inú ilé sọ́tọ̀ sí iye ògiri, owó-orí yín á tètè dínkù, torí ìjọba máa ń yọ iye ẹ̀rọ kúrò nínú èrè tí wọ́n ń gba owó-orí lé lórí. Ọ̀la ni ẹni tó máa ka àwọn ẹ̀rọ náà, tó sì máa díye lé wọn, ń bọ̀."

"Mo ti múra dè é! Mo ti kó ògbólógbòó irin dànù, mo sì kun ògiri."

"Ẹ kó o dànù kẹ̀?"

"Àlejò kì í bá ìdọ̀tí nílé mi."

Gbólóhùn ọmọlúàbí! Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀.

"Kí ló wá fẹ́ kà, Bàbá?"

Bàbá kà á fún un: bọ́ílà omi gbígbóná kan, lífítì kan, rádíétọ̀ mẹ́rìnlá tó ń mú yàrá móoru ló ti bá onírin àlòkù lọ.