Èmi Ni Mo Kọ Ìwé Tó Dá Tíṣà Padà Sí Kíláàsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ǹ bá má sọ ọ́, bí kì í bá ṣe ti dósíè, àkójọ ìwé ilé ẹjọ́, tí wọ́n gbé fún mi lọ́jọ́ Ajé pé kí n kà. Orúkọ mi wà nínú rẹ̀.

Mo ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé Roxy, ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ìsọ̀ Ìyá Rìsíkátù ló kan tèmi. Mo ti yí orúkọ padà o, ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Rìsíkátù nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ lù ú lórí títí etí òsì rẹ̀ fi di. Ọmọ ìlú wa ni olùkọ́ náà, Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n fi ẹ̀sùn tó wúwo kàn án, wọ́n sì ní kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Ìjọba gba ìwé àṣẹ ìkọ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Inú mi dùn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Tíṣà kọ́ èmi náà ní kékeré. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rúlà lù mí lọ́wọ́, ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi kò nà mọ́ títí dòní. Àwọn òbí mi ní n kò gbọ́dọ̀ sọ. N kò sọ.

Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí, a kì í gbé ara wa lọ sí kóòtù. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá a sìnkú, kò sẹ́ni tí yóò bá a sọmọ lórúkọ. Wọ́n ti ń yẹra fún Ìyá Rìsíkátù nígbà náà. Alága ẹgbẹ́ wá bá mi nílé, torí èmi ni mo máa ń bá wọn kọ̀wé ní Faransé, mo sì tún jẹ́ ọmọ iléèwé Tíṣà tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, kọ̀wé sí ìjọba pé Tíṣà kò nà ọ́ rí. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Tí ìwé àṣẹ yẹn bá ti jáde, ìtìjú kúrò lára wa, àá dá a padà sílé, sí ìlú wa. Kò ní rí ọmọ ọlọ́mọ nà mọ́."

Ó fi Kùránì búra. Mo gbà á gbọ́. Ìka tó ká kò yẹn ni mo fi di bírò mú. Mo kọ ọ́ pé ọdún mẹ́ta ni Tíṣà fi kọ́ mi, kò fọwọ́ líle kàn mí rí.

Kò pé oṣù méjì, ìjọba dá ìwé àṣẹ rẹ̀ padà. Wọn kò dá Tíṣà padà sílé o. Ìlú Anyama, nítòsí wa níbí, ni ẹgbẹ́ bá a wáṣẹ́ sí, kíláàsì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo sáré lọ bá Alága. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àbí ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni? Ṣé irọ́ lo wá pa fún ìjọba? Máa lọ jẹ́ẹ́, kí wọ́n má baà mú ọ."

Àwọn àgbà tó jókòó tì í náà rẹ́rìn-ín. Àwọn tí mo pè ní bàbá ni gbogbo wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo Ìyá Rìsíkátù lójú lójoojúmọ́. Tó bá fẹ́ lọ kírun, èmi ló ń fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ọmọ rẹ̀ máa ń yí etí ọ̀tún sí mi kó tó lè gbọ́ ohun tí mo sọ.

Wọ́n sún ẹjọ́ náà títí, ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n gbọ́ ọ. Ìyá Rìsíkátù kò mọ̀wé. Ó gbé dósíè wá, ó ní, "Tàntí, ẹ bá mi kà á. Wọ́n ní ọmọ ìlú wa kan ló kọ̀wé gbè sẹ́yìn Tíṣà. Mo fẹ́ mọ ẹni náà. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo fọkàn tán."

Mo parọ́ fún un pé awò ojú mi fọ́. Inú àpò mi ló wà.

Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá lọ fi ìka mi han adájọ́, ẹgbẹ́ yóò lé mi, òfin sì lè mú mi. Tí mo bá dákẹ́, ọmọ àwọn ẹlòmíì wà lọ́wọ́ Tíṣà ní Anyama.

Lánàá, Ìyá Rìsíkátù ra awò ojú tuntun fún mi lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Òun fúnra rẹ̀ ló fi wọ̀ mí lójú. Ó ní, "Tàntí, ṣé ẹ ti ń ríran báyìí?"

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dá a lóhùn?