Súwẹ́tà Bàbá Mi Tí Mi Ò Hun Tán

Ìgbà tí ọwọ́ mi yìí ṣì le, tí mi ò tíì mọ ilé ọkọ, ọyẹ́ Ọ̀kà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹ̀yin ń sọ pé òtútù mú lónìí… òtútù wo? Ràṣídì, ọmọ ọmọ mi, gbé báàgì yẹn sílẹ̀ ná. Ọkọ̀ Jọ́ọ̀sì ò tíì dé. Láti àárọ̀ lo ti ń dìde, tí ò ń jókòó, tí ò ń yọjú síta. Bàbá mi gan-an lo jọ. Ẹ gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi fún yín.

Ìwàrò-Ọ̀kà la wà. Obì ni bàbá mi ń tà. Òní Ìkàrẹ́, ọ̀la Ìpè, ọ̀tunla ẹ tún gbọ́ pé wọ́n wà ní Èsé. Ẹsẹ̀ ni o, kò sí mọ́tò. Àwọn ọkùnrin ṣì ń fi ọkọ́ la títì fún ajẹ́lẹ̀ òyìnbó nígbà yẹn. Bàbá mi ò lè jókòó! Wọ́n ń jẹun lórí ìdúró. Wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó wẹ̀yìn, wọ́n ti dé orí òkè. Ikọ́ sì wà láyà wọn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ikọ́ yẹn la ó kọ́kọ́ gbọ́ ká tó rí àwọn fúnra wọn. Ẹ̀rù ń bà mí. Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín, ẹ̀rù ń bà mí pé ọyẹ́ kan ni yóò gbé wọn lọ lójú ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí.

Lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, ní Ìkàrẹ́, ni mo ti mọ Ìyá Tíṣà. Ìyàwó tíṣà ìjọ ni wọ́n, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá. Mùsùlùmí ni àwa, ìyẹn ò sì dí nǹkan kan lọ́wọ́. Mo rí wọn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gígùn hun òwú onírun àgùntàn, wọ́n ní súwẹ́tà ni. Mo ní, "Ẹ kọ́ mi, mà. Bàbá mi ni mo fẹ́ hun ún fún." Wọ́n fún mi lówùú aláwọ̀ eérú, wọ́n ní, "Kọ́kọ́ lọ fi okùn wọn àyà wọn wá, ká lè mọ bá a ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀."

Èmi náà gbé okùn délé. Bàbá mi sùn sórí ẹní… ìgbà yẹn nìkan ni wọn kì í rìn. Mo na okùn lé wọn láyà. Ha! Yèyé mi figbe ta! Wọ́n já okùn gbà lọ́wọ́ mi. "Ta ló rán ọ? Sàréè lo fẹ́ gbẹ́ fún bàbá rẹ ni?"

Ṣé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀? Lọ́dọ̀ wa, òkú la máa ń fi okùn wọ̀n, ká lè mọ bí ilẹ̀ tá a ó gbẹ́ yóò ṣe gùn tó. Ta ní ń na okùn lé alààyè tó sùn? Yèyé mi sọ okùn náà síná. Ẹ̀yin, tẹ́là á fi tépù yí yín ká, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Mo padà lọ ròyìn fún Ìyá Tíṣà. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní, "Kò burú. Láti ọrùn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká máa sọ̀ kalẹ̀. Tó bá dé ibì kan, kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò. Ara wọn ni òṣùwọ̀n."

Bá a ṣe ṣe é nìyẹn. A mú ẹ̀yìn ọrùn, a mú èjìká. Iwájú, a pín in sí méjì, à ń fi ojú òwú kún un díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀tún òun òsì fi pàdé láyà. Wọ́n ní ọrùn tó là sílẹ̀ báyẹn ló dáa fún oníkọ́, kò ní há èémí mọ́ ọn láyà. Yèyé mi, ahunṣọ ni tiwọn, wọ́n jókòó nídìí òfì, wọ́n ń wò mí. "Ẹ wá wò ó o, ọmọ mi ń ti òrùlé kọ́lé!"

Nígbà tó dé abẹ́ abíyá, mo yọ abẹ́rẹ́, mo fi okùn gba inú ojú òwú kó má baà tú, mo ní kí bàbá mi wọ̀ ọ́ wò. Wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ó gbóná." Ká tó mọ̀, wọ́n ti gbé ẹrù obì, ó di Ìpè! Àyà nìkan ni súwẹ́tà bò, okùn ń fì nísàlẹ̀. Àwọn ará ọjà fi wọ́n ṣẹ̀sín. Bàbá mi ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò tíì hun mí tán ni."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò gbà kí n bọ́ ọ. Tí wọ́n bá ti ọjà dé, wọ́n á jókòó síwájú mi, èmi á máa hun ún yí wọn ká, ìlà díẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà fún mi. Ikọ́ náà ń rọlẹ̀.

Àwọn àna mi láti Èsé wá ń béèrè ìyàwó wọn. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ parí ẹ̀ kí n tó lọ… oorun ò kùn mí, oúnjẹ ò lọ, ọwọ́ mi ń sáré. Ó ti dé ìbàdí. Ó ku kí n dì í nísàlẹ̀, kó parí. Yèyé mi bá di ọwọ́ mi mú. Àwọn tí wọ́n sọ okùn síná o! Wọ́n ní, "Má dì í."

Mo ní kí ló dé?

Wọ́n ní, "Látìgbà tí mo ti wọlé bàbá rẹ, ìgbà tó o bá ń hun nǹkan yìí nìkan ni mo máa ń rí wọn kí wọ́n jókòó. Tó o bá parí ẹ̀, kí ló máa mú wọn jókòó?"

Mi ò dì í. Mo lọ sílé ọkọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá wá kí wọn nígbà ọyẹ́, bàbá mi á gbé àpótí síwájú mi, wọ́n á jókòó. "Ó kù díẹ̀, àbí?" Màá tú ìlà kan, màá tún un hun. Wọ́n mọ̀. Èmi náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀.

Ẹ gbọ́, ọyẹ́ kọ́ ló pa wọ́n. Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n kú, nínú ilé, lórí ẹní, Yèyé mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọkùnrin mú okùn wọlé láti wọn bàbá mi, mo kọjú sí ògiri, mo sunkún. A kì í sin Mùsùlùmí pẹ̀lú súwẹ́tà, aṣọ funfun tí a kò rán ni. Wọ́n dá a padà fún mi.

Òun rèé. Ewé efinrin ni mo fi ń lé kòkòrò lára ẹ̀. Ẹ wo ìdí ẹ̀, okùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ ó ra òkìríkà lọ́jà, ẹ ó wọ̀ ọ́, ẹ ó lọ. Ta ló ń jókòó mọ́? Ayé ti di eré sísá…

Ràṣídì, wọ̀ ọ́. Wọ́n ní Jọ́ọ̀sì tutù ju orí òkè wa lọ. Ó fún ọ lápá díẹ̀, kò burú. Ẹ bá mi mú abẹ́rẹ́ mi wá. Mi ò ní kó o má lọ o. Ìlà kan ni màá hun, màá fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà tó o bá padà wá. Fa àpótí yẹn súnmọ́ mi.

Jókòó ná.