Ewúrẹ́ Tí Mo Sọ Di Ọmọ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá mi sí di àádọ́rin ọdún, tí kò jẹ́ kí n kú mọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú. Èmi Jayéọlá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ mọ̀ sí olùdarí fíìmù ní Amẹ́ríkà, mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Fíìmù mẹ́rìnlá ni mo ṣe lọ́hùn-ún, àkọ́kọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún ìyókù. Ìjọ Aládùúrà kan lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́, ni mo gbé kámẹ́rà lọ láti ya àkọ́kọ́ náà. Ìyá Dámisí, ọmọ ìjọ náà, kúnlẹ̀ níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, omijé ń dà lójú rẹ̀: "Olúwa, dá a padà fún mi! Ìwọ lo mọ ibi tó wà!" Ewúrẹ́ rẹ̀ tó lóyún ló sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán ní Amẹ́ríkà, mo kọ ọ́ pé ọmọ rẹ̀ tó lọ sójú ogun ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àwọn òyìnbó sunkún, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún mi lẹ́bùn. Ojú kò tì mí! Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Lọ́jọ́ kẹta àdúrà yẹn, l'Ọ́yọ̀ọ́, ewúrẹ́ náà padà wálé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Ìyá sì gbé wọn jó lọ síwájú pẹpẹ. Mo ya ìyẹn náà. Mo gé e kúrò nínú fíìmù, kí ẹ̀rín má baà ba ẹkún mi jẹ́.

Lọ́dún yìí, ìjọ náà ní àwọn fẹ́ wo fíìmù náà níbi ìkórè, kí Ìyá, tó ti pé àádọ́rùn-ún ọdún, rí ara rẹ̀. Háà! Àwọn tó gbọ́ Yorùbá, tí wọ́n sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ síbẹ̀! Láti Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́, ni mo ti wọ mọ́tò lọ bá wọn. Kí wọ́n tó tan fíìmù náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sọ gbogbo rẹ̀. "Ìyá, ẹ foríjì mí." Ìyá tẹjú mọ́ mi. "Irọ́ tó o pa fún òyìnbó, mo ti foríjì ọ́. Ṣùgbọ́n oníkámẹ́rà, níbo lo gbé ọpẹ́ mi sí?" Mo ní, "Ó wà nínú báàgì mi, Ìyá. N kò lè jù ú nù." "Dìde, jàre! Tò ó padà síbi tó o ti gé e!"

Mo lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ fíìmù náà, a sì tan án. Ìyá rí ara rẹ̀ lára ògiri pẹ̀lú ọmọ ewúrẹ́ mẹ́ta, ó dìde, ó ń bá ara rẹ̀ jó. "Ẹ wo bí mo ṣe ń mì dìgbà nígbà yẹn!" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà jó títí awò fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù ya àwòrán, tí ẹ bá ya ẹkún ẹnìkan, ẹ dúró ya ọpẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá sọnù lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí, Olúwa yóò dá a padà, ohun náà kò sì ní dánìkan wá. Àmín.