Orúnkún Tí Mo Fi Gba Ipò Rukayat

Rukayat ṣì ń wá sílé mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìyẹn gan-an ló sì ń dà mí láàmú jù. Ká ní ó bínú ni, ká ní ó pa fóònù mọ́ mi létí, ká ní ó tiẹ̀ dá mi lóhùn bí àwọn ọmọ ìlú yìí ṣe máa ń dá ìyá wọn lóhùn, ó sàn fún mi. Ṣùgbọ́n ó tún wá lánàá. Ó ra iṣu àti ata rodo wá láti Rye Lane, ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe, ó sì gbé àpò tó kún fún ìwé ìpolongo ìbò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo yọ ọ̀kan wò nígbà tó wọ ilé ìdáná. Orúkọ Alhaji ló wà ní ipò kejì, orúkọ tirẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ ní ipò kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pín in kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo fà á. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Rukayat. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní Peckham, ní London níbí. Èmi ò bímọ, òun nìkan ni mo rí tọ́, Mummy náà ló sì ń pè mí. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ó ti bí ọmọ méjì, Aylesbury Estate ló ń gbé. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní orúnkún ọ̀tún lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi sùn sórí àga ìjókòó ní pálọ̀ mi. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń fọ ẹsẹ̀ mi, òun ló ń di apá mi mú tí mo ń kọ́ ìrìn bí ọmọ ọwọ́. Dókítà kìlọ̀ fún wa pé mi ò gbọdọ̀ fi orúnkún yẹn kanlẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, orí àga ni mo ti ń kírun, nílé àti ní mọ́ṣáláṣí.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Rukayat ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan. Òjò o, òtútù o, ó ń pín ìwé wọn láti East Dulwich títí dé Surrey Quays. Bí lẹ́tà káńsù bá sì kó ìpayà bá àgbàlagbà kan láàrin wa, òun ni wọ́n ń pè kó wá kà á, kó sì bá wọn kọ èsì. Nígbà tí ìbò Ìgbìmọ̀ Aṣojú Ìlú London wá ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà dìbò láàrin ara wọn láti to orúkọ àwọn tí wọ́n máa fà kalẹ̀ fún gbogbo London. Rukayat mi ló ṣe ipò kejì. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹni tó ṣe ipò kẹta ni Alhaji.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Alhaji jẹ́ fún yín. Òun ni olórí ẹgbẹ́ mùsùlùmí wa, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Nígbà tí ọkọ mi lé èmi àti Rukayat jáde, tí a dúró sí ìta pẹ̀lú àpò méjì, Alhaji àti ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé ló fún wa ní yàrá nínú ilé wọn. Oṣù márùn-ún la lò níbẹ̀, wọn ò fojú burúkú wò wá lọ́jọ́ kan. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ló wọ ẹgbẹ́ òṣèlú yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa sì tẹ̀ lé e wọlé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ó ní kí n dúró. Ó na ìwé orúkọ náà sí mi.

“Ìyá Rukayat, ẹ wo nǹkan yìí. Ọmọ tí mo ń mú lọ sí school nígbà tó wà lọ́mọdé ló wà lórí mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn wa tí wọ́n bá rí i? Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ kó jẹ́ ká pààrọ̀ number. Number lásán náà ni.”

Mo gbà á gbọ́. Lójú tèmi, bí a ṣe ń to orúkọ sínú ìwé ìpè ni, tí àgbà ń ṣáájú, tí ọmọdé ń tẹ̀ lé e. Mo rò pé bí ẹgbẹ́ náà bá ti wọlé, gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ló wọlé nìyẹn. Kí ló burú nínú kí ọmọ fún bàbá láyè?

Mo lọ bá Rukayat nílé ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday. Ó ń dín dòdò fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó rẹ iná sílẹ̀, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi.

“Mummy, it’s not like that. Wọn kì í dìbò fún èèyàn nínú paper yẹn, party ni wọ́n ń vote fún. Bí ìbò party wa bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe máa mú wa, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹni kìíní máa wọlé. Ẹni kejì náà lè wọlé. Number three, forget it. Bí mo bá fún Alhaji ní ipò mi, mi ò lọ síbì kankan nìyẹn.”

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Mo gbọ́, ó sì yé mi. Ọdún mẹ́sàn-án tí ọmọ yìí fi rìn nínú òjò ló wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, mo sì rí i kedere. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún Alhaji, ojú sì ń tì mí láti padà lọ sọ fún un pé apá mi ò ká ọmọ tí mo tọ́. Ni mo bá jágbe mọ́ ọn pé, “Ṣé ìwọ ló máa wá kọ́ mi níwèé ni?” Nígbà tí mo rí i pé kò yẹ̀, mo di tábìlì mú, mo sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí táìlì.

Ha! Ẹ wo ariwo tí ọmọ yẹn pa! “Mummy, orúnkún yín! Ẹ dìde! Dókítà said no, Mummy, please!” Ó fọwọ́ há mi lábíyá, ó ń gbé mi sókè, èmi sì ki ara mi mọ́lẹ̀. Ìrora náà ń gun orí mi, síbẹ̀ mo ní mi ò ní dìde àfi tó bá gbà. Dòdò ti ń jóná lórí iná. Ó bú sẹ́kún. “OK, Mummy, OK. Mo ti gbà. Ẹ ṣáà dìde.” Mo dìde. Ó mú ẹ̀wà tútù tó ti dì láti inú fírísà, ó fi aṣọ ìnuwọ́ wé e, ó sì jókòó sílẹ̀, ó fi ń tẹ orúnkún mi.

Ẹgbẹ́ òṣèlú náà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé òun ló wu òun láti pààrọ̀ ipò, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa sì jẹ́rìí sí i pé kò sí ẹni tó fipá mú un. Nínú gbogbo èèyàn London, ọ̀dọ̀ mi ló gbé e wá. Ó ka gbogbo rẹ̀ fún mi, ó sì ń wo ojú mi. Mo ní kó bá mi mú awò ojú mi wá. Mo fọwọ́ sí i. Mo ti bi ara mi léèrè títí: ṣé ó ń retí kí n sọ pé rárá ni?

Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ mùsùlùmí wa tó tẹ̀ lé e, Alhaji dìde, ó ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní òun ò lè wà lórí bàbá òun. Wọ́n pariwo “Allahu Akbar,” wọ́n ní mo tọ́ ọmọ gidi. Àwọn obìnrin ń dì mọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá yìí ni ara mi ò gbà á mọ́. Mo jókòó sórí àga mi nínú mọ́ṣáláṣí, gbogbo obìnrin yòókù forí kanlẹ̀, èmi nìkan ni mo wà lókè. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé ó ti lé ní ọdún kan tí mi ò ti fi orúnkún yìí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run tó dá mi, nítorí ó ń dùn mí. Mo fi kanlẹ̀ fún ìbò Alhaji. Mi ò lè kí ìrun náà parí, ẹkún ni mo ń sun.

Mo pe Alhaji nígbà tí mo délé, mo bẹ̀ ẹ́ kó dá ipò náà padà. Ó ní, “Ìyá Rukayat, ṣé ẹ ti gbàgbé yàrá yẹn ni?” Ó sì kí mi pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ náà máa fi ìwé orúkọ sílẹ̀ fún àwọn elétò ìdìbò. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àtúnṣe mọ́. Nọ́ńbà fóònù ẹgbẹ́ náà wà lórí ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí mo bá pè wọ́n pé irọ́ ni ẹ̀rí tí mo jẹ́, Rukayat máa padà sí ipò rẹ̀, gbogbo Peckham sì máa gbọ́ ohun tí Alhaji ṣe, àtèmi náà. Bí mi ò bá pè, Rukayat ò ní sọ̀rọ̀ láéláé, mo mọ ọmọ mi. Ẹ̀yin àgbà bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún ọmọ yín láti fi gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò bẹ̀ ẹ́ o, ẹ dè é mọ́lẹ̀ ni.

Kó tó máa lọ lánàá, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú àga mi, ó fọwọ́ kan orúnkún náà tó ṣì wú. Ó ní, “Mummy, ṣé ó ti ń san?” Mo ní ó ti san. Ó gbé àpò ìwé rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì jáde lọ pín orúkọ Alhaji kiri. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Ta ni kí n dójú tì: ẹni tó gbà wá sílé nígbà tí a ò níbi tí a máa sùn, àbí ọmọ tó fọ ẹsẹ̀ mi títí mo fi tún rìn?