Àmì Tí Mo Yọ Kúrò Lára Àpótí

Oṣù méje ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Lónìí, màá pọ̀ ọ́. Kì í ṣe Bàrákàt ló ba iṣẹ́ yẹn jẹ́. Èmi Olúgbénga ni.

Ní ọ́fíìsì wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, èmi ni mo kọ láíbìrì, àkójọ kóòdù tí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké fi ń ṣírò oògùn ọmọdé. Gbogbo nọ́ńbà ló ń wọ inú àpótí kan náà níbẹ̀: oṣù ọmọ, ìwọ̀n ara, ohunkóhun ṣá. Bàrákàt, òṣìṣẹ́ tuntun, dé, kò tíì lo oṣù méjì tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lo jẹnẹ́ríìsì. Ká fi àmì ohun tí àpótí kọ̀ọ̀kan ń gbà sára rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ki oṣù sínú àpótí kílò, kọ̀ǹpútà á kọ̀ jálẹ̀ kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ wa."

Ara fu mí. Ta ló rán an? Kí lòun àti ọ̀gá ń bára wọn rẹ́rìn-ín sí? Àga mi lọmọ yìí ń wá, àbí kí ni? Ó fi àmì náà sí i lóòótọ́, kọ̀ǹpútà sì figbe ta. Ibi mọ́kànlá ló pọ́n lójú ẹ̀rọ láti fi àṣìṣe hàn, iṣẹ́ ọwọ́ mi sì ni gbogbo wọn. Kàkà kí n dúpẹ́, mo ní ó fẹ́ dójú tì mí ni. Èmi òmùgọ̀!

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó lọ kírun Àsárì, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ọ̀hún, mo yọ àmì rẹ̀ níbi mọ́kọ̀ọ̀kànlá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohunkóhun ni kó máa gbà. Pípọ́n náà parẹ́. Orúkọ Bàrákàt ló sì wà lórí àtúnṣe náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọmọ olóṣù mẹ́rìndínlógójì dé ilé ìwòsàn kan ní Ìgàndó. Ẹ̀rọ ka oṣù rẹ̀ sí kílò, oògùn ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fún ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi lajú. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ọ̀gá pe Bàrákàt. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n Gbénga, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ mi, ẹ bá mi sọ fún wọn jàre."

Mo ní, "Orúkọ ẹ ló wà níbẹ̀ ṣá."

Ọjọ́ náà ló kó ẹrù rẹ̀ lọ. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà mi ni mo ń fura sí. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Lánàá, ilé iṣẹ́ kan ní Dópẹ̀mú pè mí. Wọ́n fẹ́ gba Bàrákàt síṣẹ́, wọ́n ní orúkọ mi ló kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n bi mí nípa ìwà òun. Orúkọ tèmi!

Ìwé yìí náà ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn, sí ọ̀gá, àti sí ìyá ọmọ yẹn. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́, bí ẹ̀rọ bá ní ẹ ṣì í, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́, iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Bàrákàt, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́, ṣùgbọ́n forí jì mí. Èsì tí mo fún wọn ní Dópẹ̀mú ò gùn: ẹ gbà á síṣẹ́, bí èmi bá wá, ẹ má gbà mí.