Òpó Ẹ̀yìn Ilé Mọ́mì Sẹ̀kínát

Ọ̀gá wa Adédiwúrà tí ẹ jẹ́ alága wa lónìí, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin àgbà Kétu àti Ìkòsí tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ nítorí mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹnjiníà, mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, òní ni èmi Súmbọ̀ Fáṣínà ń fi iṣẹ́ àyẹ̀wò kọnkéré sílẹ̀, ọkàn mi sì wúwo.

Ilé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ajégúnlẹ̀ wa níbí ló wà, níbi tí omi odò ti máa ń wọlé. Mọ́mì Sẹ̀kínát tó kọ́ ọ ló jókòó síwájú yín yìí. Iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ọjọ́ta ni wọ́n fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú. Nígbà tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sán, wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Èmi àti Godwin, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, la lọ. A gé díẹ̀ lára àwọn òpó, a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fọ́. Àwọn òpó iwájú le koko. Ti ẹ̀yìn ń rún mọ́ wa lọ́wọ́ bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Inú òjò ni wọ́n ti po kọnkéré ti ẹ̀yìn, omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, irin inú rẹ̀ sì tín-ín-rín ju ti iwájú lọ.

Mọ́mì bi mí pé, "Ẹnjiníà, tí iwájú bá lágbára, ṣé kò lè bá ẹ̀yìn gbé e ni?"

Mo ní, "Mọ́mì, gbogbo òpó ló jọ ń gbé ilé, bíìmù kọnkéré tó gùn lé wọn lórí ló so wọ́n pọ̀. Tí ẹ̀yìn bá yẹ̀, á fa iwájú wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ayálégbé jáde."

Mọ́mì ń wo ilé náà láti òkè délẹ̀. Kí lẹ fẹ́ sọ fún ẹni tí gbogbo làálàá rẹ̀ wà nínú ilé kan? Godwin di ọwọ́ wọn mú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká wá sin èèyàn níbí."

Mọ́mì fúnra wọn ló kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bú wọn kí wọ́n tó kó jáde. Hùmúàní, tó ń gbé lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ìbejì rẹ̀, ní òun ò níbi tóun máa lọ. Mọ́mì kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀yìn ilé wó. Iwájú tẹ̀ lé e. Nígbà tá a débẹ̀, Mọ́mì dúró nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ àwọn ayálégbé lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn dáhùn. Ìgbà yẹn ni Mọ́mì tó jókòó sílẹ̀, tí wọ́n sunkún ilé wọn.

Àwọn èèyàn ń yìn mí nítorí ọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì ni kẹ́ ẹ kí, wọ́n gba òótọ́ tó máa gba ilé lọ́wọ́ wọn. Godwin, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí ohùn mi ti le mọ́ jù níbi iṣẹ́, ẹ foríjì mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí kàn, ẹ má jẹ́ kí òpó kan tó dáa tàn yín jẹ; ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ọlọ́run á fún yín ní ẹnu láti sọ ohun tójú yín rí. Ọlọ́run á sin gbogbo wa délé láyọ̀. Ilé tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ sí, ẹ ó lè mú ìyá yín lọ sùn níbẹ̀.

Ẹ ṣé o.